Oṣù Mẹ́ta tí Mo Fi Ń Pààrọ̀ Kọ́mú fún Ìyálé Mi

Ojú mi ni tépù mi. Obìnrin tó bá ti yọ sí ìsọ̀ mi ní Ìyànà-Ìbà, kó tó kí mi tán ni mo ti mọ kọ́mú tó máa gbà á. Bó bá ń pe nọ́ńbà fún mi, màá jẹ́ kó pè é tán, ṣùgbọ́n mi ò ní fetí sí i. Àwọn obìnrin máa ń purọ́ nọ́ńbà kọ́mú bí àwọn ọkùnrin ṣe ń purọ́ owó oṣù. Ẹni tí tiẹ̀ kéré ń wá ńlá, ẹni tí Ọlọ́run fún ní ńlá ń wá èyí tó máa fún un pọ̀ kí wọ́n lè pè é ní ọmọge. Èmi á kàn wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, màá ki ọwọ́ bọ inú òkìtì òkìrìkà, màá fa ọ̀kan yọ, màá ní, "Gba èyí. Bí kò bá bá ẹ mu, wá fi nà mí lójú." Kò sẹ́ni tó padà wá nà mí.

Mi ò kàwé. Ìwé kẹta ni mo dé ní Ìfọ̀ kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwé kan bá wà tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn nípa ọmú, èmi ni wọn ì bá fi ṣe ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ láti inú géètì yunifásítì, ìyàwó àwọn Ìbò tó ń ta rédíò ní Alábà, obìnrin Ègùn tó gbé àgbọn kọjá, ìyá onílé láti Òkòkòmáìkò, gbogbo wọn ni mo ti fà sẹ́yìn kọ́tìnì. Kọ́tìnì náà kò ju ìró àtijọ́ kan lọ tí mo fi okùn ta sáàárín òpó méjì. Obìnrin á wọ ibẹ̀, á ní apá kan kún, apá kejì ṣófo, ojú á máa tì í. Màá ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ọmú méjì ń dọ́gba? Ìbejì gan-an, ọ̀kan máa ń sanra ju èkejì lọ." Á rẹ́rìn-ín, á sanwó, á lọ. Òótọ́ sì ni, mi ò parọ́ fún wọn. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi jù, mo wá ń fi dáhùn ohun gbogbo.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lórí jẹjẹrẹ ọmú. Obìnrin tó ń ta àtíkè àti ìpara lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé láti ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò tíì sọ àtẹ rẹ̀ kalẹ̀ tó fi pariwo.

"Ẹ gbọ́ o! Owó tí à ń kì sínú kọ́mú ló ń fa jẹjẹrẹ ọmú!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Obìnrin kan tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ni. Ó ní owó náà dọ̀tí. Ọwọ́ alápatà ti kàn án, ọwọ́ kọ̀ndọ́kítọ̀ ti kàn án."

"Ọwọ́ pásítọ̀ yín náà ti kàn án," ni mo wí. "Ṣé ìyẹn náà ń fà á?"

Ó pòṣé, ó ní èmi tí mi ò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí n ṣá bẹ̀rù àìsàn. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti yọ gbogbo owó tó wà láyà mi, mo dì í mọ́ ìdí. Gbogbo obìnrin tó wà lórí ìlà wa ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jẹ́ pé ibi tí ìyá tó bí wọn lọ́mọ ń fi owó sí náà ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n wá ń rìn kiri pẹ̀lú owó lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin.

Èmi ò sì lè wò ó níran. Mo kó àwọn kọ́mú tí rọ́bà wọn ti dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rà, mo gé ikùn wọn tó ń gba ọmú, mo rán síìpù sí i, mo so okùn mọ́ ọn, ó di àpò ìbàdí. Ẹni tó bá ra kọ́mú, màá ní, "Owó ẹ ńkọ́? Ibo lo fẹ́ fi sí?" Á ra àpò. Ẹ̀rù náà ọjà ni, bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n tà.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gba àpò lọ́wọ́ mi ni ìyálé mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, agboolé kan náà la jọ ń gbé ní Ọ̀jọ́, nítòsí omi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti kú, àwọn ni wọ́n wá di àgbà obìnrin ilé. Àwọn ló gbé ẹrù kalẹ̀ lórí mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹnu ẹ máa pọ̀." Wọn kò parọ́. Ẹja yíyan ni wọ́n ń tà, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọwọ́ wọn sì le ju ti ọkùnrin lọ.

Nígbà tí mo na àpò ìbàdí sí wọn, wọ́n tì í padà.

"Ìyàwó, èmi ò fi owó sí ọmú rí láyé mi. Etí ìró ni owó mi ń gbé. Àrùn yín yìí kò mọ ilé mi."

Gbogbo wa gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Alátíkè gan-an ní ọgbọ́n àgbà ni.

Kí Iléyá ọdún yẹn tó dé, wọ́n yà sí ìsọ̀ mi. Kọ́mú tí mo fún wọn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n nà án jìnnà sí ara bí ẹni mú ìrù eku.

"Ìyàwó, kọ́mú ẹ ń gé mi jẹ."

"Apá wo?"

"Apá òsì."

"Wáyà ni." Mo fi eyín tú ojú ibi tí wáyà wà, mo fà á yọ, mo dá kọ́mú padà fún wọn. Wọ́n lọ.

Oṣù kejì, wọ́n tún dé. Wọ́n ní kò jókòó, ó ń fà sókè lápá òsì.

Mo ní, "Ìyálé mi, ọmú méjì kì í dọ́gba."

"Láti kékeré ni mo ti gbé méjèèjì kiri, wọ́n dọ́gba. Ìwọ tó wọlé lánàá lo wá mọ̀ wọ́n jù mí lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fún wọn ní òmíràn tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i.

Oṣù kẹta ni wọ́n bá mi jà. Ọjọ́ Sátidé ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yí ìsọ̀ mi ká, wọ́n ń ṣa ọjà. Ìyálé mi kò tiẹ̀ dúró kí n kí wọn.

"Ọjà òkú ni ìyàwó wa ń tà fún yín o! Òyìnbó tó kú sínú kọ́mú yìí kò tíì fi í sílẹ̀. Ó ṣì di ọmú mi òsì mú!"

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn ọmọ náà. Ọ̀kan ju èyí tó mú dání padà sórí òkìtì. Kí wọ́n bú mi, ó tọ́, àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n bú ojú mi tó ń wọn ọmú láìfi tépù kàn án! Mo di ọwọ́ wọn mú, mo fà wọ́n sẹ́yìn kọ́tìnì.

Bí mo ṣe máa ń mọ̀ bóyá kọ́mú máa jókòó lára oníbàárà tó bá ṣòro nìyí: màá ní kó bọ́ aṣọ, kó gbé apá méjèèjì sókè, màá wo bí ọmú ṣe ń bá apá lọ. Mi ò ṣe é fún ìyálé mi rí. Balùwẹ̀ kan náà la jọ ń lò, mo rò pé mo ti mọ̀ wọ́n.

"Ẹ gbé apá sókè."

"Ṣé o fẹ́ mú mi bí olè ni?"

"Ẹ ṣáà gbé e sókè, kí n rí òyìnbó yín."

Wọ́n gbé e. Ọmú ọ̀tún bá apá gòkè. Ti òsì kò lọ síbi kankan. Ara rẹ̀ wọnú níbì kan, bí ìgbà tí wọ́n fi bọ́tìnì dè é mọ́ fóòmù àga. Orí ọmú náà ti yí wọlé, awọ ibẹ̀ sì rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn. Mo fi ìka kàn án. Ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó le, tó tóbi bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì gbó. Mo tì í, kò yẹ̀.

"Ìyálé mi, ó ti tó ìgbà wo tí kókó yìí ti wà níbí?"

"Á, ìyẹn? Ó ti pẹ́. Òrí ni mo fi ń pa á."

"Ẹ ò sì sọ?"

"Kò dùn mí. Oówo ń dunni, eyín ń dunni. Èyí kò ṣe mí ní nǹkankan, èmi náà ò ṣe é ní nǹkankan."

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí kò bá dunni kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí eyín ń dùn á ti ìsọ̀, á lọ jókòó sílé. Ẹni tí ọmú rẹ̀ ń di òkúta á máa pọnmọ, á máa gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmú tí mo ti rí lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn kò níye, ṣùgbọ́n ọmú tó dáa ni gbogbo wọn. Mi ò rí irú èyí rí.

Mo ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìbà. Wọ́n ní àwọn ò lọ. Ìdáhùn wọn ló wá yà mí lẹ́nu jù.

"Ìyá mi ló kú ikú ọmú. Àwọn orogún wọn ló ta wọ́n lọ́fà. Ó jẹ wọ́n títí tí ẹnikẹ́ni ò fi lè wọ yàrá wọn mọ́. Èmi ò ní orogún. Ọkọ mi ò fẹ́ ẹlòmíì títí wọ́n fi kú. Ta ló máa ta mí lọ́fà? Ìwọ?"

"Èmi? Ọfà tí mo bá ní, mo ti tà á fún oníbàárà."

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà nínú agboolé yẹn, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá wọn rí. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bí ẹ̀sín.

Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kò ní mú wọn dìde. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ bi nọ́ọ̀sì bóyá kọ́mú mi ló ṣe yín báyìí. Bó bá ní òun ni, màá dá gbogbo owó kọ́mú padà fún yín níwájú rẹ̀."

Ìyálé mi kò sanwó kọ́mú kankan fún mi rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ pé èmi ni wọ́n máa dá lẹ́bi níwájú ìjọba, wọ́n so ìró mọ́ àyà.

Nọ́ọ̀sì tó bá wa sọ̀rọ̀ kò ju ọmọ tí ìyálé mi lè bí lọ. Kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

"Nọ́ọ̀sì, kọ́mú ìyàwó wa ló sọ mí dà báyìí."

"Màmá, kọ́mú kì í fa kókó."

"Mi ò sì fi owó sí i."

"Owó náà kì í fà á, Mà. Owó tó dọ̀tí lè mú kí ara yún èèyàn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo rántí gbogbo àpò ìbàdí tí mo ti tà, mo yáa gbójú wo fèrèsé.

Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó fọwọ́ tẹ abíyá wọn, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó bi wọ́n ní ọjọ́ orí, ó bi wọ́n ní iye ọmọ, ó bi wọ́n ní ìgbà tí nǹkan oṣù wọn dúró. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Kí ló pa ìyá yín, Màmá?"

"Orogún."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ibo lára ni orogún ti mú wọn?"

"Ọmú."

Ó gbé bírò kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní òun ò lè sọ ohun tí kókó náà jẹ́, àyẹ̀wò ló máa sọ, ṣùgbọ́n ó yẹ ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíákíá. Ó ṣàlàyé pé bí obìnrin bá ṣe ń dàgbà sí i ni àrùn yẹn ṣe máa ń rí i mú, pé bó bá ti mú ìyá èèyàn tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kónítọ̀hún máa ṣọ́ ara rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ó ní ó tún máa ń mú ẹni tí kò mú ìyá rẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ohun kan pàtó pé èyí ló fi yan lágbájá. Ó ní kì í ràn. Ó ní ó máa ń mú ọkùnrin pàápàá.

"Ọkùnrin?" Ìyálé mi gbójú sókè. "Kí ló fẹ́ jẹ níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀ nígbà yẹn. Mo wá bi í léèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kò dun àwọn. Àìsàn gidi ni?"

"Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í sábà dunni. Ìgbà tó bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, ó lè ti rìn jìnnà." Ó wá kọjú sí mi. "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Kọ́mú ni mò ń tà."

"Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí ẹ mọ èyí. Kókó tuntun nínú ọmú tàbí ní abíyá. Awọ tó bá ń wọnú. Orí ọmú tí kò wọlé tẹ́lẹ̀ tó wá wọlé. Omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lára ẹni tí kì í ṣe pé ó ń fún ọmọ lọ́mú. Pé méjèèjì kò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kò burú. Èyí tó ń yí padà kúrò ní bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ ṣọ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tó ti kà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ló sọ ọ́ fún. Ìyálé mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé méjèèjì dọ́gba, láti kékeré, wọ́n dọ́gba. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pààrọ̀ kọ́mú fún àìsàn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà, ìyálé mi ń ka owó tó wà létí ìró wọn títí a fi kọjá Ìgbó-Elérin. Wọ́n wá ní:

"Nítorí náà, kọ́mú ẹ kọ́."

"Òun kọ́."

"Kò sówó tí mo máa gbà, nìyẹn."

"Èwo lẹ san rí?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wa méjèèjì, a rín in débi tí awakọ̀ fi wẹ̀yìn. Omi ń bọ́ lójú ìyálé mi, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín níbẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n gún abẹ́rẹ́ sínú kókó náà, wọ́n fà lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní wọ́n máa gé ọmú náà kúrò. Ìyálé mi padà sílé, wọ́n ní àwọn ò ṣe é. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń yan ẹja bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkankan. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á ní kí n wá igi sí i.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n fúnra wọn ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nídìí ààrò.

"Ẹni tí wọ́n bá gé ọmú rẹ̀, kíkú ló ń kú."

"Ta lẹ mọ̀ tí wọ́n gé tó kú?"

Wọ́n ronú. Wọ́n yí ẹja méjì padà. Wọn ò rí ẹnì kankan.

"Ìyá yín ńkọ́? Wọ́n gé tiwọn?"

"Ta ló máa gé e? A gbé wọn pamọ́ sínú yàrá."

"Ẹ wá rí i. Ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ tó kú, wọn ò gé tirẹ̀."

Abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi ń fẹ́ iná ni wọ́n sọ lù mí. Ó bà mí léjìká. Wọ́n ní kí n kúrò níwájú àwọn, ẹnu mi ti gbó jù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá pẹ̀lú báàgì, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti kírun. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń dúró wò, ṣé mo rò pé bọ́ọ̀sì máa wá gbé wa nínú ilé ni.

Wọ́n gé e. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń gba ojú iṣan wọlé, èyí tó jẹ́ kí gbogbo irun wọn re tó sì mú kí òórùn ẹja, tí wọ́n ti fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, máa kó èébì bá wọn. Ọdún yẹn le. Alátíkè mú ògì wá lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń gbàdúrà sí i lórí bí ẹni ń fi ṣúgà sí i. Àwọn àlejò á jókòó, wọ́n á rọ ohùn wálẹ̀, wọ́n á ní, "Ta ni ẹ rò pé ó ṣe yín báyìí, Màmá?" Ìyálé mi á ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí ìyá mi fi bí mi ni. Ṣé ẹ fẹ́ lọ bá wọn jà ní sàréè?" Àlejò á wá bàtà rẹ̀.

Èmi náà padà sídìí ọjà mi. Obìnrin tó bá ti wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, yálà ọjà ṣòro bá a mu tàbí kò ṣòro, ó máa gbé apá sókè. Àwọn kan pòṣé sí mi, wọ́n ní èmi kì í ṣe dókítà. Mo ní mo mọ̀, dókítà kì í ta kọ́mú. Mo ti rán obìnrin méjì lọ bá nọ́ọ̀sì ní Ìbà. Ti ọ̀kan kì í ṣe nǹkankan, ó padà wá bú mi pé mo já òun láyà, mo sì gba èébú náà tayọ̀tayọ̀. Àpò ìbàdí ńkọ́? Mo ṣì ń tà á. Olè ni mo ní ó ń dènà.

Nígbà tí irun ìyálé mi bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà, dókítà sọ fún wọn pé kí àwọn ọmọ wọn obìnrin máa ṣọ́ ara wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìṣègùn máa yẹ̀ wọ́n wò. Mẹ́ta ni wọ́n. Àgbà ń gbé ní Àgbádárìgì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, èkejì ń tajà ní Alábà, èyí àbíkẹ́yìn ṣì wà nílé ìwé. Wọ́n pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí yàrá lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, wọ́n ní kí èmi náà wọlé kí n ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìyá wọn fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láì dá orogún kankan lẹ́bi. Àwọn ọmọ náà tẹ orí ba. Èyí àgbà ní, "Màámi, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu, kò sí nǹkan tó ń ṣe wá." Èkejì ti ń wo ilẹ̀kùn.

Ìyálé mi tú ìró kúrò láyà. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ níwájú wọn, ọmú kan níbí, àpá gígùn kan níbẹ̀ tó ti ń dán.

"Ẹ gbójú sókè. Ìyá tèmi tọ́jú tiwọn pamọ́ fún mi. Èmi ò ní tọ́jú tèmi pamọ́ fún yín. Ẹ wò ó dáadáa."

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. Èyí àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ sún mọ́ wọn. Ó na ìka kan, ó fi kan àpá náà pẹ̀lẹ́.

"Màámi, ṣé ó dùn yín?"

"Bíbí ẹ dùn mí jù ú lọ," ni wọ́n wí. "Sún mọ́bí, kí ìyàwó wa yẹ̀ ẹ́ wò."